Àdírẹ́ẹ̀sì Tí Létòlétò Gbá Dànù

Obìnrin kan wà tí ojú rẹ̀ kì í gba ohun tí kò ní ẹni tó ni ín. Bí ìkòkò bá fọ́ lónìí, ìdérí rẹ̀ kò ní bá wọn jí nílé lọ́la. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá ku ẹyọ kan, ó ti di èrò ààtàn nìyẹn. Àwọn ṣíbí ilé ìdáná rẹ̀ tò bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ wọ kíláàsì, kékeré níwájú, gíga lẹ́yìn. Ẹni tó bá dá ṣíbí kan padà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò gbọ́ nípa rẹ̀ títí di àsìkò oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ìyá náà sì ti kọ́gbọ́n. Bí ó bá fẹ́ lọ wẹ̀, á gbé bàtà rẹ̀ dání.

"Màámi, kí lẹ ń gbé bàtà lọ sí ilé ìwẹ̀ ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ bàtà náà ni. Bí mo bá bọ́ ọ sílẹ̀ tí kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ìwọ á ní kò ní ẹni tó ni ín. Èmi alára, bí mo bá jókòó sójú kan pẹ́ jù nínú ilé yìí, ńṣe ni mo máa ń wúkọ́, kí o lè mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè."

Níbi iṣẹ́, Létòlétò ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀, ó sì yí ojú orúkọ náà sí ibi kan náà lójoojúmọ́.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀ ni àwọn aláṣọ funfun ti ń fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lókè, nínú yàrá kan tí kò ju tábìlì méjì àti fèrèsé kan lọ, ni òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kò-kánjú ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ilé àyẹ̀wò náà kò ní kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀. Wọ́n ń háyà rẹ̀ ni lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan lókèèrè. Sáfà ni orúkọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa sọ pé inú àwọsánmà ló wà. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó wo òkè, ó ní, "Bí òjò bá wá rọ̀, èsì àyẹ̀wò ta ni yóò máa kán sí wa lórí?"

Sáfà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi ń rí i. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n bá kàn fún un lásán kì í dúró. Pa sáfà náà, tún un tàn, nọ́ńbà ti yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní yí padà gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì so ó mọ́ sáfà. Iṣẹ́ Létòlétò nìyẹn. Àwọn tó ṣe é ṣáájú rẹ̀ máa ń tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọn a sì gbàgbé èyí tí wọ́n tẹ̀. Òun ń kọ kóòdù ní tirẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ìlà kan á tọrọ àdírẹ́ẹ̀sì, ìlà kejì á fún un lórúkọ, ìlà kẹta á so ó mọ́ sáfà tó ni ín. Bí ó bá ti ní kó máa lọ, kí èèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, sáfà mẹ́wàá á ti ní ojúlé.

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Ó dà bí ẹni tó kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, Màámi, tó wá gbé nọ́ńbà ojúlé rẹ̀ dání lọ."

"Kí ẹni tó ń bọ̀ wá kí i má bàa sọnù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kò sì ní lè sá fún àlejò láéláé?"

"Kò ní lè sá."

"Iṣẹ́ burúkú lẹ ń ṣe," ni ìyá rẹ̀ wí.

Nínú gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ bí ẹyinjú. Òun ni èsì àyẹ̀wò ń gbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òpópónà kejì. Ilé ìwòsàn náà ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Aṣọ́bodè. Bàbá yìí ní ìwé ńlá kan tó ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí. Èyí tó bá wà nínú ìwé á wọlé. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti ọba, ìta ni yóò sùn. Kí àdírẹ́ẹ̀sì kan sì tó wọ inú ìwé, èèyàn mẹ́sàn-án ní láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni fọ́ọ̀mù Létòlétò fi rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ lábẹ́ ìgò omi dókítà eléyín.

Ní ọjọ́ tí ó pé, Bàbá Aṣọ́bodè ti gbé bírò, kò tíì kọ ọ́.

"Ṣé kò ní yí padà?"

"Kò ní yí padà, Bàbá."

"Àwọn tó wá ṣáájú rẹ náà wí bẹ́ẹ̀."

"Bó bá fi lè yí padà, Bàbá, ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀." Ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì náà lóòótọ́, ó fi déètì sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí íǹkì rẹ̀ lè gbẹ.

Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n Létòlétò kò bẹ̀rù. Ta ló tún mọ nǹkan tọ́jú jù ú lọ?

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ kò ju pé lọ́jọ́ kan, ó ka gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórúkọ ilé àyẹ̀wò, ó sì rí mẹ́fà tí kò so mọ́ ohunkóhun. Àwọn sáfà tó ni wọ́n ti kú tipẹ́. Mẹ́fà! Irú nọ́ńbà yìí kò sì pọ̀ mọ́ láyé, àwọn èèyàn ń wá a bí ẹni ń wá omi. Kò dúró jẹun ọ̀sán. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kọ kóòdù tuntun kan, ó sì sọ ọ́ ní Ìgbálẹ̀. Ní wákàtí-wákàtí, bí aago bá ti lù, Ìgbálẹ̀ á yẹ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì wò. Èyí tí kò bá so mọ́ sáfà kankan, á dá a padà fún ilé-iṣẹ́ tó ń háyà wọn.

Kò-kánjú jẹ́ ọkùnrin onísùúrù tó máa ń ro tíì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fi kan ẹnu. Ó ka kóòdù náà, ó ń ro tíì.

"Bí ẹni tó ni àdírẹ́ẹ̀sì bá kàn yà síta díẹ̀ ńkọ́?"

"Sáfà kì í yà síta."

"Mo mọ̀. Àpèjúwe ni. Bó bá kàn dìde, tó sì fẹ́ padà wá jókòó?"

"Ẹni tó bá dìde, kó gbé àga rẹ̀ dání."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Kò-kánjú wí. "Abájọ tí màmá rẹ fi ń gbé bàtà lọ wẹ̀."

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Sáfà tó ń gbé èsì lọ sí ilé ìwòsàn ti kéré jù fún iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti háyà ńlá kan tí yóò rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni: tú àdírẹ́ẹ̀sì kúrò lára sáfà kékeré, so ó mọ́ ńlá. Létòlétò ti kọ ọ́ sínú kóòdù ní ìpele méjì. Nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kí ìpele kìíní máa lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì tú. Ó na ìka sí ìpele kejì, ojú rẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sórí àkọsílẹ̀ àwọn sáfà. Wọ́n ti kọ sáfà ńlá sókè àwọn kékeré.

Ara rẹ̀ kò gbà á. Kékeré ló yẹ kó wà lókè, kí ńlá wà nísàlẹ̀. Ó ní kí òun kàn gbé ìlà kan yìí. Bó ṣe gbé e, òmíràn wọ́. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Ó tò wọ́n, ó tún wọn tò, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ imú.

Aago mẹ́wàá lù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gún régé, ó fi ayọ̀ tẹ ìpele kejì. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé àdírẹ́ẹ̀sì tó ń wá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Ìdáhùn kan náà. Ó wá lọ wo àkọsílẹ̀ Ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní, "Aago mẹ́wàá. Mo rí ọ̀kan, mo gbá a."

"Kò-kánjú."

"Hùn."

"Kò-kánjú!"

Kò-kánjú gbé ife kalẹ̀ láìtíì mu ún. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti jọ wà.

Ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Kò wí pé "ṣé mo sọ fún ọ." Ó tọ́ka sí nọ́ńbà náà. "O lè dárúkọ nọ́ńbà gan-an kí o sì tọrọ rẹ̀ padà," ló wí. "Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì mú un, wọ́n á fún ọ."

Ìlà kan péré ni kóòdù náà, ìgbà mẹ́ta ló sì ṣì í tẹ̀ kó tó tọ́. Ìdáhùn dé: ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Láàárín ogún ìṣẹ́jú!"

"Ìwọ lo ní àwọn èèyàn ń wá a bí omi," ni Kò-kánjú wí. Ó kọ nọ́ńbà náà sí ojú ayélujára láti mọ ẹni tó kó wọlé síbẹ̀. Ojú ewé aláwọ̀ rírẹ̀dòdò kan ṣí sílẹ̀: *Ẹ káàbọ̀ sí ilé bàtà ọmọ ọwọ́! Bí ẹ bá ra bàtà, a ó fún yín ní ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́.*

"Ẹyọ kan!" ni Létòlétò pariwo, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dun òun.

"Bàtà náà wuyì ṣá," ni Kò-kánjú wí. "Gbọ́, jẹ́ ká tọrọ òmíràn, ká so ó mọ́ sáfà. A ó sọ fún Bàbá pé ẹ̀rọ ń ṣe wàhálà díẹ̀, títí a ó fi rí ọ̀nà gbé e gbà."

Létòlétò fẹ́ gbà. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ó rántí ìwé ńlá Bàbá Aṣọ́bodè. Nọ́ńbà náà ṣì wà nínú ìwé. Ẹni tó bá ni nọ́ńbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn á ṣí sílẹ̀ fún un. Onítọ̀hún kì í ṣe òun mọ́.

"Bí mo bá dákẹ́," ló wí, "alábàtà kan tí a kò mọ̀ rí ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Mo gbọ́dọ̀ pe Bàbá. Ìwọ, kọ́kọ́ pa Ìgbálẹ̀ ná, kí aago mọ́kànlá tó lù!"

Kò-kánjú dìde tòun ti àga rẹ̀, ó sì sáré lọ pa á. Létòlétò gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ọmọ yín ni, ti ilé àyẹ̀wò."

"Ọmọ àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Ó ti yí padà, sà."

Ó wá gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ń ṣí, ewé kan tẹ̀lé òmíràn, láìkánjú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Bó bá fi lè yí padà, Bàbá, ẹ pè mí ní..."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa nọ́ńbà yẹn rẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbá a dànù. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà báyìí. Alábàtà ni."

"Alá-kí-ni?"

"Bàtà ọmọ ọwọ́, sà."

Bírò ha bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Mo ti pa á rẹ́."

"Ó ti tán, sà?"

"Láti lé èèyàn jáde, èmi nìkan tó. Láti mú èèyàn wọlé, ó di ẹni mẹ́sàn-án. Ní ti òpùrọ́ yẹn, òpùrọ́ kì í fi fóònù ara rẹ̀ pe èèyàn wá sọ ohun tó bàjẹ́. Wá gba fọ́ọ̀mù."

Ọ̀rọ̀ náà ìbá tù ú lára, bí kì í bá ṣe ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Èsì mẹ́tàlélógójì ló ti há sínú sáfà báyìí, àwọn kan sì jẹ́ ti aláìsàn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́la. Ó tọrọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ó fún un lórúkọ, ó so ó mọ́ sáfà ńlá. Ó wá kọ ìlà kẹrin tí kò kọ rí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú èyí, àfi bí èèyàn méjì bá fọwọ́ sí i.

"Ìwọ náà ti di Bàbá Aṣọ́bodè," ni Kò-kánjú wí.

Olórí àwọn aláṣọ funfun gòkè wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ohun tí kọ̀ǹpútà kò bá lè gbé lọ, ẹsẹ̀ á gbé e." Ó tẹ gbogbo èsì náà sórí bébà, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó kó wọn lé Létòlétò lọ́wọ́. Létòlétò tò wọ́n ní yàrá-yàrá. Ibi tó ti ń tò wọ́n ló ti rí i pé méje nínú àwọn dókítà tó ń retí èsì wà lára àwọn mẹ́sàn-án tó ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Nígbà tó ti gba fọ́ọ̀mù nílé ìwòsàn, dókítà eléyín ló kọ́kọ́ lọ bá. Yàrá rẹ̀ kún fún bébà dé ojú fèrèsé.

"Ẹ káàsán, sà. Èsì aláìsàn yín rèé. Fọ́ọ̀mù kan sì rèé pẹ̀lú."

Dókítà gba èsì. "Fọ́ọ̀mù yẹn, gbé e síbẹ̀. Lábẹ́ ìgò omi."

"Ó tì, sà. Mo máa dúró dè é. Títí fọ́ọ̀mù yìí á fi pé, èmi ni n óò máa fi ọwọ́ gbé èsì wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, sà."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dẹ́rù bà á. Òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ bó ṣe ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró. Bírò mẹ́jọ wà káàkiri lórí tábìlì, ó kó wọn jọ, kékeré níwájú, gíga lẹ́yìn. Ó rí àwòrán eyín kan tó dorí kodò, ó yí i. Ó rí ìdérí bírò kan tí kò ní bírò.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni dókítà bi í, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Kò ní ẹni tó ni ín, sà."

"Èmi ni mo ni ín! Fi sílẹ̀! Níbo ni n óò fọwọ́ sí?"

Ó fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Kí Létòlétò tó dé ẹnu ọ̀nà kejì, dókítà ti gbé fóònù. Ohun tó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Létòlétò kò mọ̀, àmọ́ ní yàrá kejì, dókítà àwọn ọmọdé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, bírò lọ́wọ́, ó fi ara dí ọ̀nà. "Má wulẹ̀ wọlé, àǹtí mi. Gbé e wá." Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jáde wá pàdé rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹnì kan na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ sí i, ó ti ilẹ̀kùn padà. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ẹ̀kẹjọ, nìkan ló ní kó wọlé. Ó ní kó bá òun to àpótí oògùn ná, ìyẹn sì gba ogójì ìṣẹ́jú. Létòlétò kò kùn. Ká sọ tòótọ́, ibẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ti dùn ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹsàn-án ni Bàbá Aṣọ́bodè fúnra rẹ̀. Ó wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibi ìkó-aṣọ, pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ níwájú. Ó ka ìfọwọ́sí mẹ́jọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka déètì wọn. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo fún wọn jẹ?"

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan, Bàbá. Mo kàn dúró ni."

Bàbá ṣí ìwé ńlá rẹ̀. Ó ní kó pe nọ́ńbà náà. Létòlétò ń pè é, Bàbá ń kọ ọ́, ó sì ń tún un pè padà kí àṣìṣe má bàa wà. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. "Ó ṣí."

Ayọ̀ kò jẹ́ kí Létòlétò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Kò-kánjú. "Fi wọ́n ránṣẹ́!"

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀!"

Fún ìgbà kejì lọ́jọ́ kan náà, Kò-kánjú kánjú. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì wọlé wàrà, dókítà kọ̀ọ̀kan sì rí èyí tó ti gbà lórí bébà lẹ́ẹ̀kan sí i. Fóònù orí tábìlì Bàbá Aṣọ́bodè dún. Bàbá gbé e, ó tẹ́tí, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láìpa á. Òmíràn tó wà lára ògiri dún. Èyí tó wà lápò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń wá," ló wí, ó sì ti fóònù àkọ́kọ́ sí ọ̀dọ̀ Létòlétò.

Létòlétò fa àga, ó jókòó, ó gbé e.

"Ẹ káàsán, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, èsì kan náà ni. Rárá, sà, aláìsàn yín kò ní ẹ̀jẹ̀ méjì."